Lílo Kọ̀ǹpútà Kékeré Gẹ́gẹ́ Bí Sinimá Inú Ilé: Àlàyé fún Akẹ́kọ̀ọ́ Fíìmù Yorùbá

Ìfáárà

Sinimá inú ilé ni àkójọpọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn wo fíìmù nínú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ńlá àti ohùn tí ó já gaara. Ní ìgbà kan, ẹ̀rọ fídíò, ẹ̀rọ síídì, ẹ̀rọ orin àti tẹlifíṣọ̀n ni ó máa ń para pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ṣoṣo lè gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ṣe bí a bá ti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jẹ́, bí a ṣe ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà, bí a ṣe ń kó fíìmù sínú rẹ̀, àti ohun tí ó lè ṣe fún ẹni tí ó ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù tí a ń yàn fún ìtúpalẹ̀ ní kíláàsì, bí i Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993), Ó Le Kú (1997) àti Ṣaworoidẹ (1999), tí Túndé Kèlání darí, ni ó jáde ní ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí síídì sì tẹ̀ lé e. Kásẹ́ẹ̀tì a máa hu, síídì a máa ha, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ibi tí a ń ki síídì bọ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá tètè gbé ohun tí ó ní kúrò lórí wọn yóò ní fíìmù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè wò ó.

Kí ni kọ̀ǹpútà kékeré?

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ṣùgbọ́n kò ní ojú ìwòran tirẹ̀, kò ní bátìrì, àpótí rẹ̀ kò sì tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè kan lọ. Mac mini tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16.5, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí i sẹ̀ǹtímítà 5. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 2006, rìmóòtù wà nínú páálí rẹ̀; ní ọdún 2010, wọ́n fi ojú ihò HDMI sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ni Raspberry Pi jáde. Ó kéré tó káàdì ìgbowó báńkì, iye owó rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ dọ́là 35.

Èyí tí ó súnmọ́ àpò akẹ́kọ̀ọ́ jù ní Nàìjíríà ni tókunbọ̀: àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò, bí i HP EliteDesk Mini, Dell OptiPlex Micro àti Lenovo ThinkCentre Tiny. Ẹ̀rọ tí ó lágbára ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí a tó sanwó, kí a wo ẹ̀yìn wọn dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní HDMI. DisplayPort tàbí VGA ni wọ́n ní. DisplayPort kò le, nítorí pé ohun ìsopọ̀ kékeré kan lè sọ ọ́ di HDMI, àwòrán àti ohùn yóò sì jọ kọjá. VGA yàtọ̀. Àwòrán nìkan ni ó ń gbé; ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi wáyà mìíràn gbé ohùn láti ojú ihò ìgbọ́hùn kọ̀ǹpútà lọ sí ara sípíkà.

Àwòrán

Wáyà HDMI kan ń gbé àwòrán àti ohùn papọ̀. A ó ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà, a ó ki orí kejì bọ tẹlifíṣọ̀n, a ó wá fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yan ojú ihò tí a lò. Bí etí àwòrán bá gé dànù lójú tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó bàjẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ni ó ń fẹ àwòrán náà kọjá ààlà, a sì lè rí àtúnṣe rẹ̀ níbi tí a ti ń ṣètò ìrísí àwòrán lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni ìdí tí fíìmù àtijọ́ kì í fi í dán lójú tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹyọ àmì kéékèèké tí a ń pè ní písẹ́lì ni a fi ń ya gbogbo àwòrán kọ̀ǹpútà. Fíìmù síídì, irú VCD, ní písẹ́lì 352 láti òsì sí ọ̀tún àti 288 láti òkè sí ìsàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n HD ní 1920 láti òsì sí ọ̀tún àti 1080 láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí i pé ti tẹlifíṣọ̀n fi nǹkan bí ìlọ́po ogún ju ti síídì lọ. Ẹyọ kan láti inú síídì ni a ń nà bo ààyè ogún. Kò sí kọ̀ǹpútà, bó ti wù kó wọ́n tó, tí ó lè dá ohun tí kò sí nínú àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹni tí fíìmù àtijọ́ ni ó fẹ́ wò kò nílò ẹ̀rọ 4K.

Ohun kejì ni ìrísí àwòrán. Fíìmù ayé kásẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní ìwọ̀n 4 sí 3, tẹlifíṣọ̀n òde òní sì ní 16 sí 9. Bí a bá nà án kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ojú òṣèré yóò fẹ̀, agbádá yóò sì dà bí àgọ́. Kí a jẹ́ kí dúdú wà ní ọ̀tún àti òsì. Bí olùdarí ṣe to àwòrán rẹ̀ ni a fẹ́ rí.

Ohùn

Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ a máa sọ pé sinimá inú ilé kò pé láìsí sípíkà mẹ́fà yí ènìyàn ká. Òótọ́ ni èyí fún fíìmù tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì péré ni ohùn inú VCD: ọ̀tún àti òsì. Sípíkà méjì tí ó dára tó fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Kí a fi owó tí ó ṣẹ́ kù ra ibi ìkópamọ́.

Síbẹ̀, kí a má ṣe gbára lé sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Ó kéré, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni ó sì sábà máa ń kọjú sí, kì í sì lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Nínú fíìmù Yorùbá, àdánù ńlá ni èyí. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré rẹ̀, ìlù kì í ṣe ohun èlò ìdárayá lásán. Òun àti adé ni ìtàn rọ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìró ìlù kedere kò tíì wo fíìmù náà tán.

Kíkó fíìmù pamọ́

Bí a bá ní síídì, ohun tí a nílò ni ẹ̀rọ síídì tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú VCD, a ó rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MPEGAV. Inú rẹ̀ ni fáìlì fíìmù wà, tí orúkọ rẹ̀ parí sí DAT. Fáìlì yìí ni kí a kó sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Kí a má ṣe yí i padà sí irú fáìlì mìíràn láìnídìí, nítorí pé ìyípadà kọ̀ọ̀kan a máa bu díẹ̀ kù nínú àwòrán tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Síídì kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74, ìdí nìyí tí fíìmù kan fi máa ń wà lórí síídì méjì. Fáìlì rẹ̀ kì í sábà ju mẹ́gábáìtì 800 lọ, nítorí náà háàdì dírááfù tí ó gba tẹ́rábáìtì 1 lè gba ohun inú síídì tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Kásẹ́ẹ̀tì ni ó le jù. A nílò ẹ̀rọ fídíò tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti ohun ìgbàwòrán USB tí a ń ki wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò bọ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì yóò gba wákàtí méjì gbáko. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá ti hu, kí a má ṣe kì í bọ ẹ̀rọ, kí ó má baà ba orí ẹ̀rọ náà jẹ́.

Ẹ̀dà méjì, ó kéré tán, ni kí a ní, lórí háàdì dírááfù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Háàdì dírááfù kì í dágbére kí ó tó kú.

Ètò ìwòran

Ètò méjì tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹni ni a ó mẹ́nu bà. Èkíní ni VLC. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1996, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè máa wo tẹlifíṣọ̀n lórí nẹ́tíwọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ wọn. VLC máa ń ka ọ̀pọ̀ jù lọ irú fáìlì, títí kan DAT. Àǹfààní pàtàkì tí ó ní fún wa ni pé a lè dín ìyára fíìmù kù láìjẹ́ pé ohùn òṣèré rẹlẹ̀. Ẹni tí ó ń da ofọ̀ tàbí oríkì tí a fi ìkánjú pè kọ yóò gbọ́ ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ní ipò wọn.

Èkejì ni Kodi. Orí ẹ̀rọ eré Xbox ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún 2014 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí. Kodi ń to gbogbo fíìmù wa bí ilé ìkàwé, pẹ̀lú àwòrán páálí wọn, ó sì rọrùn láti fi rìmóòtù darí láti orí àga. Lórí Raspberry Pi, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n gan-an lè darí rẹ̀ nípasẹ̀ wáyà HDMI, bí tẹlifíṣọ̀n náà bá fàyè gbà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Kodi ti ń wá àlàyé nípa fíìmù, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá kò sì sí níbẹ̀. Kí a sọ fáìlì lórúkọ pẹ̀lú ọdún rẹ̀, bí àpẹẹrẹ Saworoide (1999), kí a sì fi ọwọ́ ara wa kọ orúkọ olùdarí àti àwọn òṣèré. Iṣẹ́ ìwádìí kékeré ni èyí pàápàá.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè Yorùbá

Ibí ni kọ̀ǹpútà ti fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ síídì gbálẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wa ni a kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá tí òṣèré ń sọ gan-an kò sí ní kíkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sínú fáìlì SRT. Báyìí ni ó ṣe rí:

1
00:04:12,000 --> 00:04:15,500
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ìlú.

Ìlà kìn-ín-ní ni nọ́ńbà, ìkejì ni àkókò tí ọ̀rọ̀ yóò yọ àti ìgbà tí yóò kúrò, ìkẹta ni ọ̀rọ̀ náà. Kí fáìlì yìí ní orúkọ kan náà pẹ̀lú fíìmù, kí ó sì wà nínú fódà kan náà. VLC àti Kodi yóò rí i fúnra wọn.

Ìṣòro kan wà tí ó kan Yorùbá gan-an. Kò sí ẹyọ kan pàtó nínú ètò Unicode fún lẹ́tà bí i «ẹ́» tàbí «ọ̀». Lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn. Nítorí náà, kí a fi fáìlì pamọ́ ní UTF-8, kí a sì yan irú lẹ́tà tí ó lè gbé àmì méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo ni a ó máa kà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ iná

Kọ̀ǹpútà kékeré kì í jẹ iná púpọ̀. Raspberry Pi kì í sábà ju wáàtì 10 lọ, àwọn tókunbọ̀ tí a dárúkọ sì máa ń wà ní nǹkan bí wáàtì 10 sí 30 bí fíìmù bá ń lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ wáàtì 20, tí tẹlifíṣọ̀n jẹ 50, wáàtì 70 ni àpapọ̀ wọn. Ínfátà kékeré lè gbé e. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní bátìrì, bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan pamọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Kí UPS kékeré wà láàrin rẹ̀ àti ògiri.

Wíwo fíìmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣeé ṣe, àmọ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ìyára mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ gígábáìtì 2.25 nínú dátà. Fíìmù tí ó wà nílé kì í jẹ dátà, bí a tilẹ̀ wò ó nígbà ogún.

Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́

Kí a kó síídì tí a fi owó ra pamọ́ fún ẹ̀kọ́ ara wa yàtọ̀ sí kí a máa dà á kọ fún títà tàbí pípín kiri. Àdàkọ àwọn oníjìbìtì ni ó sọ owó ńlá tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ná lórí Ọ̀run Mooru (1982) di àdánù. Bí a bá fẹ́ fi fíìmù han gbogbo ẹ̀ka, kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ìkádìí

A ti rí i pé kọ̀ǹpútà kékeré, wáyà kan, sípíkà méjì àti ibi ìkópamọ́ méjì tó láti sọ yàrá lásán di sinimá. Kò dìgbà tí owó bá pọ̀. Ohun tí ó ṣe kókó jù ni pé kí a tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì tí ó hu lónìí, ẹnu kò ní lè ròyìn rẹ̀ tán lọ́la. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kó fíìmù kan ṣoṣo pamọ́, tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, ti fi nǹkan kún ohun tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi kẹ́kọ̀ọ́.