Kọ̀ǹpútà Tí Ń Darí Rédíò: Ohun Tí A Ń Dán Wò Kí Ó Tó Fọhùn

Láti ìgbà tí a ti na wáyà gígùn sókè yàrá sáyẹ́ǹsì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá léèrè pé kí ni rédíò tún ń wá ní ayé tí ọmọdé ti ní fóònù lọ́wọ́, àti pé ṣé kò léwu kí kọ̀ǹpútà máa dá fọhùn sí ojú òfuurufú. Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù lójú tiwa, òun ni a ó sì gbájú mọ́.

Rédíò yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ó ń gbọ́, ó sì ń sọ. Àwọn tí ń lò ó fún ẹ̀kọ́ àti nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, láìgba kọ́bọ̀, ni gbogbo ayé ń pè ní ham. Ẹni tí yóò bá fi í sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba pẹ̀lú orúkọ ìpè. 5N ni a fi ń dá ti Nàìjíríà mọ̀.

Fífi àmì ránṣẹ́ dípò ohùn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1844, Samuel Morse fi wáyà tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore, inú Númérì 23:23 ni ó sì ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣí Bíbélì yín wò. FT8 tí àwa ń kọ́ jẹ́ ọmọ-ọmọ iṣẹ́ yẹn. Joe Taylor àti Steve Franke ni wọ́n gbé e jáde ní 2017. Taylor yìí kan náà ni òun àti Russell Hulse jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1993, nítorí irú ìràwọ̀ kan tí wọ́n ṣàwárí. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń tẹ́tí sí ìró tín-ín-rín láti ọ̀run ni ó wá kọ́ wa bí a ṣe ń gbọ́ ìró tín-ín-rín ọmọnìkejì wa.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. A pín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀nà mẹ́rin. Ibùdó kan yóò fọhùn fún ìṣẹ́jú àáyá 12.64, yóò dákẹ́, èkejì yóò sì dáhùn ní ìdámẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e. Oríṣi ìró mẹ́jọ péré ni ó ń lò, àyè tí ó sì ń gbà kò ju 50 Hz lọ, nígbà tí ohùn ènìyàn ń gba nǹkan bí 2,500 Hz. Kò sí àyè àròyé níbẹ̀: orúkọ ìpè, àmì ibi tí a wà (JJ16 ni ti Ojú Ẹlẹ́gbà), bí a ṣe gbọ́ra sí, àti 73 tí í ṣe ìkíni ó dàbọ̀. Aago kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ pé; bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yà, a kò ní rí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Àdúgbò wa ni ó jẹ́ kí a yan ọ̀nà yìí. Níbi tí ọkọ̀ Yaba, ti Lawanson àti ti Muṣin ti ń pàdé, gbogbo ènìyàn mọ ariwo fèrè àti ti àwọn kọ̀ndọ́. Ariwo mìíràn tún wà tí etí kò gbọ́ ṣùgbọ́n tí rédíò ń gbọ́: ti ínfátà, ti ṣájà fóònù, ti jẹnẹrétọ̀ ilé dé ilé. Ohùn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn kì í sábà là á já. FT8 lè yọ ìró tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ariwo náà.

Nǹkan méjì ni ó ń kọjá láàrin kọ̀ǹpútà àti rédíò: ìró, àti àṣẹ. Àṣẹ yìí ni a ń pè ní CAT. Òun ni ó ń sọ fún rédíò pé kí ó lọ sí 14.074 MHz, pé kí ó fọhùn, pé kí ó dákẹ́. Lórí rédíò bíi Icom IC-7300, okùn USB kan ṣoṣo ni ó ń gbé méjèèjì. Èdè àwọn tí ń ṣe rédíò kò dọ́gba, nítorí náà ni WSJT-X tí a fi ń ṣe FT8 ṣe ń lo ògbufọ̀ kan tí ń jẹ́ Hamlib.

A kọ́kọ́ dán gbígbọ́ wò. Bí a bá tẹ Test CAT tí ó di àwọ̀ ewé, wọ́n ti gbọ́ ara wọn. A ó yí bọ́tìnì rédíò, a ó wò ó bóyá nọ́ńbà orí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. A ó sì yí ti kọ̀ǹpútà padà. Èyí rọrùn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni fífọhùn, a kì í sì í lo wáyà òkè níbẹ̀. A ń so rédíò mọ́ àpótí kékeré tí ń gba agbára rẹ̀ mọ́ra tí ó sì ń sọ ọ́ di ooru, kí ohunkóhun má baà jáde síta. A ó tẹ Test PTT, yóò pọ́n, rédíò yóò fọhùn. Inú àwọn ọmọ a máa dùn sí pípọ́n yìí. Àwa àgbà ń wo bí yóò ṣe dákẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, wọ́n lè mú rédíò fọhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìgbì rédíò fúnra rẹ̀ a wọ inú okùn USB, kọ̀ǹpútà a sì pàdánù rédíò láàrin ọ̀rọ̀. Àṣẹ pé kí ó dákẹ́ kò ní dé ibi tí ó ń lọ. Rédíò tí ó bá há sórí fífọhùn lè jó, yóò sì dí ọ̀nà mọ́ gbogbo àwọn tí ń lò ó. Fún ìgbì yìí, a ń fi irin dúdú roboto tí a ń pè ní ferrite há okùn náà, a sì ń dín agbára kù.

WSJT-X ní aṣọ́nà tirẹ̀ tí ń dá fífọhùn dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó dára, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni aṣọ́nà yìí ń gbé. Bí okùn bá já, kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ fa okùn USB yọ nígbà tí rédíò ń fọhùn sínú àpótí, tí a sì ń wò ó bóyá aago ìdádúró tí ó wà nínú rédíò fúnra rẹ̀ yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdáhùn wa sí ẹ̀yin òbí nìyí: kọ̀ǹpútà kò ní dá fọhùn ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àgbà tí ó ní ìwé àṣẹ yóò jókòó ti swíìṣì iná rédíò ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń lò ó. Títí di àsìkò tí a ń kọ èyí, gbígbọ́ nìkan ni a ń fi wáyà òkè ṣe. A kò ní fi í fọhùn títí a ó fi fa okùn yọ nígbà mẹ́wàá tí rédíò yóò sì dákẹ́ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ ní ìwé àṣẹ, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ swíìṣì náà tí ń retí yín ní ọ̀sán Sátidé.