Orí Ọ̀rọ̀ Nínú 'Bremsstrahlung'

Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ń sáré kọjá nítòsí àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, eré rẹ̀ a dínkù, ìtànṣán a sì jáde. Ìtànṣán yìí ni èdè Jámánì ń pè ní Bremsstrahlung. 'S' àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe àsopọ̀ bíi ti Arbeitszimmer. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe bremsen, 'kó ní ìjánu', ni. Strahlung, 'ìtànṣán', tí ó kẹ́yìn ni orí. Òun ni ó mú kí odindi ọ̀rọ̀ náà jẹ́ abo (die). Ní Yorùbá, orí ni ó ń ṣíwájú: ìtànṣán ìjánu. Èmi náà ti kọ 'ìjánu ìtànṣán' rí, mo tẹ̀ lé ètò Jámánì láìfura. Ìtumọ̀ yẹn ṣìnà, nítorí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni a kó ní ìjánu, kì í ṣe ìtànṣán.