Àgbọ̀nrín Inú Ọgbà: Ṣé Ọdẹ Ni Ẹni Tí Ó Fi Owó Ra Ìwo?

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí yin ahun. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹran ìgbẹ́ ní iye kan tí owó kò lè díwọ̀n: àìsùn òru, ẹ̀gún, òjò, ebi, àti ọjọ́ púpọ̀ tí ọdẹ ń padà sílé ní ọwọ́ òfo. Ìyà yìí gan-an ni ó ń fún ọdẹ ní ọlá láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Texas, irú ọdẹ ṣíṣe kan wà tí a ti yọ ìṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, tí a yọ ìyà kúrò pẹ̀lú, tí ó wá ku owó nìkan. Inú ọgbà tí a fi odi onírin yí ká ni a ti ń ṣe é. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: bí a ti ń ṣe é, iye tí ó ń náni, àwọn tí ń san gbèsè rẹ̀, àti bóyá ó tọ́ kí a pè é ní iṣẹ́ ọdẹ.

BÍ A TI Ń ṢE É

Àgbọ̀nrín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú igbó tiwa. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun, a sì máa na ìrù náà sókè bí ó bá ń sá. Ìwo akọ rẹ̀ ń yọ ẹ̀ka bí igi. Lọ́dọọdún ni ó ń já bọ́, tí òmíràn sì ń hù rọ́pò rẹ̀. Bí ìwo náà yóò ti tóbi tó dúró lórí ohun mẹ́ta: ọjọ́ orí ẹran, oúnjẹ tí ó ń jẹ, àti ìran tí ó ti ṣẹ̀ wá. Nínú igbó gbalasa, kò sí ọmọ ènìyàn tí ó lè pàṣẹ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọgbà, onílẹ̀ ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Odi onírin náà a máa ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, nítorí pé fífò ni àgbọ̀nrín ń fo wáyà kúkúrú tí a fi ń sé màlúù mọ́. Nínú odi yìí, a ń fún ẹran ní oúnjẹ tí ó kún fún èròjà amúaradàgbà, kí ìwo lè dàgbà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sìn ín bí a ti ń sin màlúù: wọ́n ń ra àtọ̀ akọ tí ìwo rẹ̀ lókìkí láti fi sínú abo, wọ́n ń so nọ́ńbà mọ́ ẹran létí, wọ́n sì ń kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀rọ kan wà tí ń da àgbàdo sílẹ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, ẹran a sì mọ wákàtí náà bí ọmọ ilé-ìwé ti mọ agogo. Ìtòsí ibẹ̀ ni a kọ́ àtíbàbà sí. Àlejò tí ó ti san owó yóò jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tí ó ní awò. Ẹni tí ń tọ́ ọ sọ́nà yóò nawọ́ sí ẹran tí owó rẹ̀ ká, ìbọn yóò sì dún.

A Ń WỌN ÌWO BÍ A TI Ń WỌN AṢỌ

Bí aláṣọ ti ń fi ọ̀pá wọn aṣọ ni a ń wọn ìwo. A ó wọn gígùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a ó wọn bí ìwo ti nípọn tó, a ó sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín ìwo méjèèjì, kí a tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní íǹṣì. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà, iye íǹṣì ni ó ń sọ iye owó. Nínú ọdún 2023, dọ́là 25 ni ọmọ ìpínlẹ̀ Texas ń san fún ìwé àṣẹ ọdẹ ọlọ́dún kan, àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń san dọ́là 315. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà, akọ kan ṣoṣo tí ìwo rẹ̀ wuyì a máa ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Èyí tí ìwo rẹ̀ bá sì kọjá íǹṣì 200 lè gbà ju dọ́là 10,000 lọ. A kò tíì ka owó ẹni tí yóò bó awọ orí ẹran, tí yóò ṣe é lọ́jọ̀, kí a tó gbé e kọ́ sára ògiri.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn onílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀dá ń pa koríko, màlúù kò sì mú èrè wá bí ti àtijọ́. Pé bí kì í bá ṣe ti àgbọ̀nrín, ilẹ̀ bàbá àwọn ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ẹran tí ó jẹun yó títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ kò jìyà tó màlúù tí a ń wọ́ lọ sí ilé ìpẹran. Wọ́n tún ní ọgbà mìíràn fẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà, tí ẹran fi lè fara pamọ́ fún ọdẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, òfin Texas sì fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí òfin gbà ni ó yẹ ọmọlúàbí.

TA NI Ó NI ẸRAN?

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Nígbà tí Ọba William ti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ó ya igbó ńláńlá sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni New Forest, tí ó yà sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1079. Àwọn òpìtàn ilẹ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pàṣẹ kí a fọ́ ojú ẹnikẹ́ni tí ó bá pa àgbọ̀nrín. Ọba àti àwọn ìjòyè nìkan ni ẹran wà fún. Mẹ̀kúnnù tí ebi ń pa ń wò ó láti òkèèrè. Ó di 1217 kí a tó fi ìwé àdéhùn kan dá díẹ̀ padà fún àwọn ènìyàn nínú ẹ̀tọ́ wọn lórí igbó.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ àṣà yìí sílẹ̀. Wọ́n ní ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ti ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti olówó; ti gbogbo ènìyàn ni, ìjọba sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Èyí kò kọ́kọ́ dára fún ẹran, nítorí pé àwọn tí ń pa á tà lọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ run ún. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àgbọ̀nrín onírù funfun tí ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà kò ju 300,000 sí 500,000 lọ. Òfin dé, a fòpin sí ọjà ẹran ìgbẹ́, nígbà tí ó sì di 1937, òfin mìíràn gbà kí a máa fi owó orí ìbọn àti ọta ṣe ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Lónìí, àgbọ̀nrín náà ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Òfin gbogbo ènìyàn àti owó àwọn ọdẹ lásán ni ó jí ọrọ̀ yìí dìde.

Ẹ wá wo bí nǹkan ti rí. Ìwé òfin Texas ṣì ń wí pé ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ti àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀n ilẹ̀ 100 ní Texas, ó ju 90 lọ tí ó wà lọ́wọ́ onílẹ̀ aládàáni. Ẹran jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ti ẹnìkan. Ohun tí idà ọba ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wáyà àti ìwé owó ń ṣe é ní Texas lónìí, kò sì sí ojú ẹnikẹ́ni tí a fọ́.

ÀRÙN TÍ KÒ MỌ ODI

Gbèsè tí ó tún wà níbẹ̀ kì í ṣe ti olówó nìkan. Ní 1967, nínú ọgbà ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, a rí àgbọ̀nrín tí ń rù, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí orí rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà, títí ó fi kú. Àrùn ọpọlọ ni. Èròjà amúaradàgbà kan tí ó ti lọ́ kúrò ní ipò rẹ̀ ni ó ń fà á. Iná ìdáná kò pa á, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn rẹ̀. A kò tíì rí i pé ó ran ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlera ń kìlọ̀ pé kí a má jẹ ẹran tí ó ní in.

Ní 2012 a rí i ní Texas lára àgbọ̀nrín inú igbó, nítòsí ààlà New Mexico. Nítorí náà, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọlọ́gbà. Ṣùgbọ́n ní 2015, a rí i nínú ọgbà tí a ti ń sin àgbọ̀nrín ní Medina County, ìdí ọ̀rọ̀ sì hàn gbangba. Àgbọ̀nrín tí ó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè jìnnà púpọ̀ sí ibi tí a gbé bí i. Èyí tí a tà, tí a fi ọkọ̀ gbé láti ọgbà dé ọgbà, lè gbé àrùn rìn ní ọjọ́ kan ju bí ìran rẹ̀ yóò ti rìn ní ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àrùn bá jáde, ìjọba ni yóò yẹ ẹran wò, tí yóò tọpa èyí tí a ti tà, tí yóò sì pa agbo run nígbà mìíràn. Ẹnìkan gba ìwo, gbogbo ìlú sì pín ìnáwó.

OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Kì í ṣe àjèjì nìkan ni ó ń bá wọn wí. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1887, ni ó ń pa ìwé àkọsílẹ̀ ìwo tí ó tóbi jù lọ mọ́. Ẹgbẹ́ náà kì í gba ìwo ẹran tí a pa nínú odi tí kò ti lè sá jáde. Ìlànà wọn ni pé ẹran gbọ́dọ̀ ní ààyè láti bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ní 2000, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Montana fi ìbò wọn fòpin sí gbígba owó láti jẹ́ kí ènìyàn yìnbọn pa ẹran inú ọgbà. Ọdẹ ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí kò bá sí ìgbà tí ọdẹ lè padà ní ọwọ́ òfo, ọjà ni ó lọ, kì í ṣe oko ọdẹ.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA NÁÀ

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ẹran kan wà tí a ń pè ní oryx, funfun ni, ìwo rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé. Láti Mauritania dé Sudan ni ó ti ń jẹ̀ káàkiri etí aginjù, títí kan ìpẹ̀kun àríwá Nàìjíríà. Ìbọn, ọkọ̀ tí a fi ń lé e, ọ̀dá àti ogun pa á run, tí ó fi jẹ́ pé ní 2000 àjọ àgbáyé kéde pé kò sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó. Níbo ni ó kù sí? Nínú ọgbà ẹranko Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ní Abu Dhabi, àti lẹ́yìn odi onírin Texas, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti ń jẹ̀ nítorí pé àwọn kan ń sanwó láti pa á. Ní 2016, a kó díẹ̀ láti Abu Dhabi padà sí ilẹ̀ Chad. Wọ́n ń bí, wọ́n ń rẹ̀. Nínú ọdún 2023, àjọ náà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tí a kò rí nínú igbó mọ́.

Èyí ni àwíjàre tí ó lágbára jù lọ fún àwọn ọlọ́gbà, a kò sì ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dun wá. Ìlú tí kò bá tọ́jú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹ̀yìn odi ẹlòmíràn ni yóò ti lọ tọrọ irú-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀la. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ wa léèrè nínú kíláàsì: ẹran tí ẹnikẹ́ni kò sìn, ti ta ni í ṣe? Bí wọ́n bá dáhùn pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pa á run. Bí wọ́n bá dáhùn pé ti olówó ni, ẹ kìlọ̀ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sé e mọ́. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n mọ̀ pé ti gbogbo wa ni, àti pé ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, gbogbo wa ni yóò ṣọ́ ọ.