Àìsùn àti Ìjókòó Pípẹ́: Ewu Tó Wà Nínú Iṣẹ́ Awakọ̀ Àjàgbé

Sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, epo tí wọ́n ń tà nílé epo, ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé ni gbogbo wọn ń gùn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá tó ní ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Bí ọkọ̀ náà bá ya kúrò lójú títì tó sì ṣọṣẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá awakọ̀ mutí, tàbí bóyá ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ já. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè: ìgbà wo ni awakọ̀ náà sùn gbẹ̀yìn?

Àwọn onímọ̀ ìlera ti fi yéni pé àárẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ìgboyà borí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí awakọ̀, iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, àti gbogbo ẹni tó ń rin ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe fún ara.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Iṣẹ́ awakọ̀ àjàgbé ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí níbi tí wọ́n ti ń gbé epo, awakọ̀ lè wà lórí ìlà fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kàn án. Ní èbúté Àpápá nílùú Èkó, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ẹ̀rọ ayélujára pe ọkọ̀ wọlé ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn awakọ̀ mìíràn máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí afárá àti lẹ́bàá títì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, ibi tí wọ́n bá ti rí omi ni wọ́n ń wẹ̀. Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìsinmi. Bí ìlà bá sún díẹ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ jí kó sún ọkọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn yóò gba ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá gbẹrù tán ni ìrìn-àjò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ọ̀nà náà sì gba Ìbàdàn, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mókwà àti Kàdúná kọjá. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń san owó oṣù tí kò pọ̀, tí wọ́n sì ń fi owó kún un lórí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan tí awakọ̀ bá parí. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó dúró sùn ń pàdánù owó, ẹni tó fi òru rìn ló ń tètè rí owó ilé ìwé ọmọ san. Nígbà tí àárẹ̀ bá sì wọ̀ wọ́n lára, àwọn kan a gbé ọkọ̀ lé mọ́tò bọ́ọ̀yì lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rárá.

Kí ni òògbé?

Ọpọlọ ènìyàn ní aago tirẹ̀. Láti nǹkan bí aago méjìlá òru sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, àti fún ìgbà díẹ̀ láàrin aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, aago yìí a máa fa ara lọ sí oorun. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Bí kò bá rí i sùn, gbèsè oorun yóò máa ga sí i láti ọjọ́ kan dé èkejì.

Nígbà tí gbèsè náà bá pọ̀ jù, ọpọlọ yóò gba díẹ̀ lára rẹ̀ láìtọrọ àyè. Òun ni à ń pè ní òògbé. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ojú awakọ̀ tilẹ̀ lè là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rin nǹkan bí 90 mítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù, láìsí ẹni tó ń darí ọkọ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Australia fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yìí ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe òpin fún awakọ̀. Tó bá di wákàtí 24 láìsùn, ọ̀rọ̀ náà ti tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, awakọ̀ tí kò fẹnu kan ọtí rí lè máa wa ọkọ̀ bí ọ̀mùtí.

Obì, paraga àti tramadol

Èròjà kaféènì tó wà nínú obì àti kọfí ń bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, kì í mú un kúrò. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara. Ẹni tó jẹ obì púpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lè má rí oorun gidi sùn nígbà tó bá ráyè sinmi.

Ewu paraga ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí pò ní gárèèjì, wọ́n ní àwọn ń fi wo ẹ̀yìn dídùn àti jẹ̀díjẹ̀dí tí ìjókòó pípẹ́ fà. Bó ti wù kí wọ́n pè é ní oògùn tó, ọtí ni. Ọtí ń mú oorun wá, kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yá bó ṣe yẹ.

Ní ti tramadol, oògùn apàrora tí dókítà ń kọ fún aláìsàn ni, kì í ṣe oògùn agbára. Ó lè fa gìrì àti òòyì, bí ó bá sì pàdé ọtí nínú ara, ó lè dá èémí dúró. Àjọ NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mìlígíráàmù lọ, nítorí náà, èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà kò bófin mu.

Ohun tí ìjókòó pípẹ́ ń fà

Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lórí ọ̀nà gbágungbàgun ń gbo ọ̀pá ẹ̀yìn awakọ̀, òun ló ń fa ìrora ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ lójú kan nínú ẹsẹ̀ lè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá gbéra lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn lójijì. Àwọn mìíràn kì í mu omi tó nítorí kí wọ́n má baà máa dúró tọ̀ lọ́nà. Èyí ń ṣí ọ̀nà fún òkúta inú kíndìnrín àti àrùn inú àpò ìtọ̀.

Oúnjẹ ojú ọ̀nà sábà máa ń ní iyọ̀ àti òróró púpọ̀, alẹ́ pátápátá sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń jẹ ẹ́. Bí èyí bá bá àìsùn àti àìṣeré ìdárayá pàdé, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò ní jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kéde ara rẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ń tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo nílò ìtọ́jú, bí kò bá tilẹ̀ sí ibi tó ń dùn ún.

Èéfín tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera lágbàáyé kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà, kò dára kí awakọ̀ máa sùn lórí ìlà níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń tú èéfín sí i nímú.

Bí awakọ̀ bá ń hanrun

Kì í ṣe gbogbo oorun ló ń sinmi ara. Àwọn kan wà, pàápàá àwọn tó sanra, tó máa ń hanrun kíkankíkan, tí èémí wọn sì máa ń dúró láìmọye ìgbà lóru. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ, kó sì jí bí ẹni tí kò sùn rárá. Ìyàwó ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Kó má ṣe fi í ṣe ẹ̀rín, kó rọ ọkọ rẹ̀ láti rí dókítà, nítorí pé ìtọ́jú wà fún un.

Ojúṣe iléeṣẹ́

Àdéhùn kẹtàléláàádọ́jọ tí àjọ ILO ṣe ní ọdún 1979 sọ pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin láìsinmi, àti pé àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lóòjọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìsinmi ìṣẹ́jú 45 jẹ́ dandan lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ ẹrù kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ ju wákàtí 11 lọ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10, láti ìparí ọdún 2017 sì ni ẹ̀rọ ti ń ka wákàtí náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Nílé níbí, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 2007 tó ní kí gbogbo iléeṣẹ́ tó ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ka ààbò tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí kò yẹ kó mọ sórí táyà àti ìjánu. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ṣọ́ ọkọ̀ lè sọ ibi tí ọkọ̀ dé àti iye epo tó kù, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye wákàtí tí awakọ̀ fi sùn. Iléeṣẹ́ tó bá ka wákàtí ìdúró mọ́ iṣẹ́, tó pèsè ibi ìsinmi, tó fi awakọ̀ méjì sí ìrìn-àjò jíjìn, tí kò sì fi owó fìyà jẹ ẹni tó dúró sùn, ti gba ẹ̀mí là.

Ohun tí awakọ̀ lè ṣe

Bí ẹ bá ń yán léraléra, tí ẹ kò rántí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tàbí tí ọkọ̀ ń yà kúrò ní ìlà rẹ̀, òògbé ti dé nìyẹn. Ṣíṣí fèrèsé tàbí yíyí rédíò sókè kò lè lé e lọ. Ẹ wá ibi tó láàbò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sùn fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ dúró díẹ̀ kí ojú yín là dáadáa kí ẹ tó tún gbéra. Oorun ráńpẹ́ yìí kò dípò oorun alẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbé yín dé ibi tí ẹ óò ti sùn gidi.

Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá dúró, ẹ máa mu omi, ẹ má ṣe mú ìtọ̀ mọ́ra, kí ẹ sì máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ déédéé. Ẹ̀yin ará ilé awakọ̀ náà, bó bá wọlé láti ìrìn-àjò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sùn. Ọ̀rọ̀ ilé lè dúró dìgbà tó bá jí.