Gbédéke Iṣẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ìpìlẹ̀ Àpilẹ̀kọ Oyè Ìjìnlẹ̀

Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ oyè ìjìnlẹ̀ ni kì í parí bọ̀rọ̀ nítorí pé gbédéke rẹ̀ ti fẹ̀ jù. ‘Ewì Alohùn Yorùbá’ kì í ṣe orí-ọ̀rọ̀. Oko tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá ro tán ni. Adébóyè Babalọlá mú ìjálá nìkan, ó wo àkóónú àti ìhun rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1966. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìwádìí rẹ̀ yóò dáhùn sílẹ̀. Ìbéèrè yìí ni yóò tọ́ka sí apohùn tí a ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ àti tíọ́rì tí a ó lò. Abala tí kò bá ran ìdáhùn lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó dùn tó, kí a yọ ọ́.