Ìgbádùn Ìlú Òyìnbó àti Kòkó Ilẹ̀ Agége

Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gúnlẹ̀ ní pápá Ìkẹjà, tí àwọn ará wa tí wọ́n lọ wo ìlú òyìnbó bá délé, ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú kí wọ́n tó tú ẹrù. A ó gbọ́ nípa ilé ìtura tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí awojìji, nípa ìsọ̀ tí aago ọwọ́ kan ti tó owó tí ènìyàn lè fi kọ́lé, àti nípa ọtí tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú àgbá kí a tó bù ú mu. Àwa kò bá wọn jiyàn. Ọlá wà ní ìlú òyìnbó, ojú ẹni tí ó bá débẹ̀ kò sì lè ṣàì rí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkàwé wa bá wa yẹ̀ wò lónìí. Nínú gbogbo ìgbádùn wọ̀nyí, èwo ni ó tó kí ènìyàn fẹ́ ẹ fún ìlú tirẹ̀? Àti pé, ta ni ó sanwó rẹ̀?

Ọlá olówó kò ní ìlú kan pàtó. Ẹni tí ó rí jájẹ ní GRA Ìkẹjà lè ra ibùsùn, ọtí àti aṣọ tí ó bá ti Paris mu. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ yóò dáhùn kí ó tó ṣẹ́jú. Irú ọlá bẹ́ẹ̀ kò kọjá ẹni tí ó rà á. Ibi tí ògiri ilé rẹ̀ parí sí ni òun náà parí sí. Ohun tí àwọn ìlú ńlá òyìnbó fi yàtọ̀ sí tiwa ni ohun tí mẹ̀kúnnù ń jẹ́ ní ìgbádùn níbẹ̀ láìná owó, tàbí pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ wá fún àpẹẹrẹ. Ní London, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ń pè ní British Museum ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ìlú ní ọdún 1759. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ wo ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í sanwó ìwọlé, àfi bí ó bá jẹ́ àfihàn àkànṣe. Ọmọ Yorùbá tí ó bá sì wọ ibẹ̀ yóò bá ojúlùmọ̀ pàdé, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà níbẹ̀. Ní Paris, ààfin àwọn ọba àtijọ́ tí ń jẹ́ Louvre di ilé àwòrán fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1793, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti dojú ìjọba ọba bolẹ̀. Ní Vienna, igbó Prater, níbi tí àwọn ọba nìkan ti ń ṣọdẹ, ni Ọba Joseph Kejì ṣí fún tẹrú-tọmọ ní ọdún 1766. Ní Rome, láti ọdún 1874 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ri ẹ̀rọ omi onírin mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì; wọ́n ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, omi tútù mímọ́ ń ṣàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹni tí òùngbẹ bá sì ń gbẹ yóò tẹ̀ ba, yóò mu, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní Vienna kan náà, ẹni tí ó bá ra ife kọfí kan lè jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀. Olùtajà yóò gbé ife omi tì í, ìwé ìròyìn yóò wà nílẹ̀ fún un láti kà, ẹnikẹ́ni kì yóò sì lé e dìde. Ní ọdún 2011 ni ilẹ̀ Austria kọ àṣà ilé kọfí yìí mọ́ àwọn ogún ìbílẹ̀ tí ó fẹ́ dáàbò bò. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, kò sí wúrà, kò sí fàdákà. Ìjókòó ni, òjìji igi ni, omi ni, àwòrán ni, àti àǹfààní láti sinmi láìsí ẹni tí yóò bèèrè pé kí ni ènìyàn ń wá níbẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣàì sọ èkejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó lọ kí ìlú òyìnbó fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń rí ìgbádùn ibẹ̀ tán. Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Peckham ní London mọ ohun tí ó ń jẹ́ òtútù òwúrọ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń gbé àwọn tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lọ. Wọ́n mọ owó ilé tí ń jẹ ìdajì owó oṣù. Wọ́n sì mọ ilé tí ènìyàn lè gbé fún ọdún mẹ́ta láìmọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ìrọ̀rùn nìkan ni ó wà níbẹ̀ kò tíì bá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, ta ni ó sanwó ìgbádùn wọ̀nyí? Láti dáhùn, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ohun kan ṣoṣo, èyí tí ilẹ̀ Agége mọ̀ dáadáa: kòkó.

Nígbà tí ilé mímu tí ń jẹ́ White's ṣí ní London ní ọdún 1693, ilé ṣokoléètì ni. Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń jókòó mu ún níbẹ̀, nítorí pé ohun mímu náà wọ́n. Ó pẹ́ kí ó tó di ohun tí òṣìṣẹ́ lè mu kí ó tó sùn. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti gbìn ín lọ́pọ̀lọpọ̀ níbi tí oòrùn àti òjò wà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní ilẹ̀ wa ni J. P. L. Davies, oníṣòwò àti ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ẹni tí ó fi owó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ọkùnrin yìí mọ ìgbádùn ìlú òyìnbó ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ní ọdún 1862, ní Brighton, ìlú etí òkun tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbafẹ́, ni ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí ogun Dàhómì kó lẹ́rú, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá sọ di ọmọ ìsàmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò kì í dúró sójú kan. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, gbèsè wó òwò Davies. Kò jókòó kí ó máa rántí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin Brighton. Ó ṣí lọ sí ìhà Agége, ó sì fi oko kòkó lélẹ̀ ní Ìjọn ní nǹkan bí ọdún 1879 sí 1880.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. J. K. Coker ti Ìfàkò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn lébìrà tí wọ́n ti òkè wá ṣiṣẹ́ nínú àwọn oko wọ̀nyí padà sílé pẹ̀lú irúgbìn àti ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe dé inú igbó Ìbàdàn, Ifẹ̀, Oǹdó àti Èkìtì. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 sì ń gba Agége kọjá.

Ní ọdún 1879 gan-an, tí Davies ń wá irúgbìn, ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti George Cadbury, kó ilé-iṣẹ́ kòkó wọn kúrò láàárín èéfín ìlú Birmingham lọ sí pápá koríko ní ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Bournville. Láti ọdún 1895, George Cadbury bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé síbẹ̀, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Òfin rẹ̀ ni pé ilé kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́rin ilẹ̀ tí a kọ́ ọ lé lọ. Ìyókù jẹ́ ti ọgbà ẹ̀fọ́ àti igi eléso. A sì ya ìdá mẹ́wàá ilẹ̀ gbogbo sọ́tọ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́ àti pápá ìṣeré. Ní ọdún 1900 tí ó fi í lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, ilé 313 ni ó ti wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá jáde lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ yóò bọ́ sí abẹ́ igi.

Ohun rere ni, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ká má sọ ìyókù. Lákòókò tí a ń gbin igi eléso ní Bournville, apá kan kòkó tí ilé-iṣẹ́ náà ń rà ti São Tomé wá, erékùṣù àwọn Potogí, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú tí a kó láti Àngólà ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Ní ọdún 1909 ni ilé-iṣẹ́ náà tó jáwọ́ nínú rírà á. Lọ́dún náà gan-an ni ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tí ó pe ìwé ìròyìn kan nítorí ohun tí ìwé ìròyìn náà kọ lórí ọ̀ràn yìí. Cadbury jàre ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ kan ni àwọn adájọ́ ará ìlú ní kí a san fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Ẹni tí ó bá lóye yóò mọ ohun tí ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ ń sọ. Ẹni tí ó ń gbádùn lábẹ́ igi kan kì í sábà rí ẹni tí oòrùn ń pa lórí ohun tí ó ń mu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa Yorùbá kò mọ bí a ti ń sọ owó kòkó di ire gbogbo gbò. Nígbà tí kòkó jẹ́ òpómúléró àpò Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọdún 1955, ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé Àwọ̀sífìlà, tí à ń pè ní Cocoa House, parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ìjọba kan náà ni ó la ilẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, kí òmìnira ọdún 1960 tó dé.

Lórí ilẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun lónìí. Cadbury ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1965, wà ní Àgídìngbì, ó ń ṣe Bournvita, orúkọ tí a mú láti ara Bournville. Orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa nínú agolo, ṣùgbọ́n ọgbà àti igi eléso kò bá a wá. A kò dá ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́bi; ìlú ni ó ń tún ìlú ṣe. Ẹ wo Agége: níbi tí oko kòkó wà rí, ilé wa gba ilẹ̀ láti igun dé igun, ògiri fẹnu ko gọ́tà. Òṣìṣẹ́ tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí méjìlá yóò wọ dáńfò, yóò wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò sì délé sínú yàrá kan tí ó kọjú sí yàrá mìíràn, níbi tí ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ti ń dúró dè é. Kò sí ibi tí yóò jókòó sí láìra ohun kan. Láàárín ìlú tí ń ṣe ohun ìtura fún gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, òun gan-an kò rí ìtura.

Síbẹ̀, a kò ṣe aláìní pátápátá. Amos Shackleford, ará Jamaica tí ó wá ṣe akọ̀wé rélùwéè níhìn-ín ní ọdún 1913, kọ́ Èkó ní búrẹ́dì jíjẹ. Lónìí, kò sí ìsọ̀ búrẹ́dì ní Paris tí yóò mú ẹni tí ó mọ búrẹ́dì Agége gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀wà agáńyìn gbàgbé ilé. Àwọn àgbà ṣì ń ta ayò níbikíbi tí òjìji bá kù. Ní Àgídìngbì, láti ọdún 2000, ni New Afrika Shrine ti ń lu orin tí àwọn òyìnbó ń wọkọ̀ òfuurufú wá gbọ́. Láti oṣù October ọdún 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Àgbàdó dé Òyìngbò, ó ń dúró ní Ìjú, Agége àti Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́, ó kéré tán, yóò wo ojú fèrèsé dípò tí yóò fi máa wo ẹ̀yìn dáńfò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń ti òkè òkun bọ̀ mú ìròyìn mìíràn wá fún wa. Ẹ sọ fún wa iye bẹ́ǹṣì tí ẹ kà, kí ẹ má sọ iye aago. Ẹgbẹ́ onílé tí ó lè dá owó ṣe géètì àdúgbò lè dá owó gbin igi mẹ́rin kí ó sì ṣe bẹ́ǹṣì sábẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní kànga ẹlẹ́rọ lè na ẹ̀rọ omi kan sí ìta ògiri rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ ìyálọ́jà lójoojúmọ́ lè ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìwé àti ìwé ìròyìn. Kò sí èyí tí ó ju agbára wa lọ nínú wọn, kò sì sí èyí tí a ní láti gba ìwé ìrìnnà fún. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Agége ti gbìn fún Birmingham jẹ. Ó tó àkókò kí ó gbin igi kan tí òun náà yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀.