Májèlé, Oró àti Oúnjẹ Wàràwéré: Ohun tí Ajá Lè Jẹ àti Ohun tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ

1. Ìfáárà

Bí ajá bá kú lójijì ní ìletò, gbólóhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé, 'Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ.' Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Arọ́pò-orúkọ 'wọ́n' kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó, síbẹ̀ kì í pẹ́ tí a fi ń wá ẹni tí a ó fi orúkọ náà lé lórí, pàápàá bí aládùúgbò kan bá ti ráhùn rí pé ajá náà ń kó òun ní adìyẹ jẹ. Ìjà tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè pẹ́ ju ọjọ́ ayé ajá náà lọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ǹjẹ́ ajá lè jẹ oúnjẹ wàràwéré láìfarapa? Èrò wa ni pé a kò lè dáhùn rẹ̀ dáadáa ní èdè Yorùbá, àfi tí a bá kọ́kọ́ ya àwọn ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, 'májèlé', kó pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún ìtọ́jú ẹranko pẹ̀lú.

2. Kí ni oúnjẹ wàràwéré?

Oúnjẹ wàràwéré ni oúnjẹ tí a ti sè tàbí tí a ti dín sílẹ̀ fún títà, tí olùrà ń gbà lójú ẹsẹ̀, tí ó lè jẹ níbẹ̀ tàbí kí ó gbé e lọ. Ohun náà kì í ṣe tuntun láàárín wa: bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ra àkàrà, dòdò, mọ́ínmọ́ín àti súyà. Ilé ìtajà rẹ̀ ti ìgbàlódé ni ó jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn ni ó sọ mítí-páì, bọ́gà àti adìyẹ díndín inú páálí di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn padà sí Ọlọ́runṣògo tàbí sí àwọn ìletò Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lè gbé e dání wálé nínú ọ̀rá. Ajá tí ń ṣọ́ ilé, tàbí èyí tí ń bá ọdẹ lọ sí ìgbẹ́, ni ó sábà máa ń jẹ èyí tí ó bá ṣẹ́ kù.

3. Oúnjẹ ènìyàn kò burú fún ajá ní ti ara rẹ̀

Àwọn kan gbà pé ẹran nìkan ni ó tọ́ sí ajá. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ tí ó fi ajá wé ìkookò gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí i pé ajá ní ẹ̀dà púpọ̀ lára jíìnì tí ń mú kí ara lè da oúnjẹ onísítáàṣì, ju ti ìkookò lọ. Gbígbé tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé láti ìgbà pípẹ́ ti yí inú rẹ̀ padà. Nítorí náà ẹ̀kọ, àmàlà tàbí ìrẹsì tí a kò da ọbẹ̀ lé kì í pa á lára. Ohun tí a pò mọ́ oúnjẹ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

4. Ohun tí ń pa ajá lára

(a) Àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà ní àwọn èròjà tí imí-ọjọ́ wà nínú wọn, tí ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá. Sísè, díndín tàbí gbígbẹ kò mú ewu yìí kúrò. Ó wà nínú mítí-páì, nínú ọbẹ̀, àti lára súyà. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwúwo ajá ti tó láti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Fún ajá oníkílò 10, èyí kò ju àlùbọ́sà ńlá kan tàbí méjì lọ.

(b) Kòkó. Èròjà tí à ń pè ní theobromine wà nínú kòkó àti nínú ṣokoléètì. Ara ènìyàn tètè ń lé e jáde. Ní ti ajá, ó ń gba nǹkan bí wákàtí 17 ààbọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Mìlígíráàmù 20 fún kílò kan lè fa èébì àti àìfarabalẹ̀. Bí ó bá tó 60, gìrì lè mú un. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi ní agbègbè Ìbàdàn, níbi tí a ti dá Ilé-Ìwádìí Kòkó sílẹ̀ ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní ọdún 1964, nítorí ajá lè jẹ kòkó níbi tí a sá a sí. Bí ajá oníkílò 10 bá jẹ gíráàmù 20 kóró kòkó gbígbẹ, ó ti tó láti ṣe é ní jàm̀bá.

(d) Xylitol. Adùn àtọwọ́dá ni èyí, ó wà nínú ṣingọ́ọ̀mù mìíràn tí kò ní ṣúgà. Nínú ajá, ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, nígbà mìíràn kí wákàtí kan tó pé. Gíráàmù kan péré lè ṣe ajá oníkílò 10 báyìí.

(e) Ọ̀rá àti egungun. Ọ̀rá púpọ̀ láti ara adìyẹ díndín lè mú kí ẹ̀yà ara tí ń pèsè omi ìdàjẹ wú kí ó sì máa ro ajá gidigidi. Egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Ohun àmúṣọ́ra ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oró.

5. Ìdí tí a fi ń ṣi ẹ̀sùn kàn

Àmì ìpalára àlùbọ́sà kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí ajá jẹ ẹ́. Ó lè di ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí erìgì rẹ̀ tó funfun, kí ìtọ̀ rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú, kí ó sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà náà, ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ ti gbàgbé. Ẹni tí ó bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ ní àná ni a rántí. A kò sọ pé kò sí ẹni tí ń fi oògùn eku tàbí oògùn kòkòrò pa ajá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a wádìí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà kí a tó wádìí aládùúgbò.

6. Àwọn ìperí tí a dábàá

Májèlé: ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ pèsè láti fi pa ẹ̀dá, bí oògùn eku.
Oró inú oúnjẹ: èròjà tí ó wà nínú oúnjẹ, tí ń pa ẹ̀dá kan lára bí kò tilẹ̀ pa òmíràn lára. A yá ọ̀rọ̀ náà lára oró ejò, tí ẹnikẹ́ni kò fi sí i lẹ́nu.
Ìwọ̀n ìpalára: iye oró tí ó lè ṣe jàm̀bá, tí a ń fi ìwúwo ẹranko ṣírò.
Sáà ìfarasin: àkókò tí ó wà láàárín jíjẹ àti ìgbà tí àmì kọ́kọ́ hàn.

7. Ìkádìí

Oúnjẹ wàràwéré tí kò ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì, xylitol, egungun tàbí ọ̀rá púpọ̀ kì í pa ajá bí ó bá jẹ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ohun tí ó léwu, kí a má ṣe rọ epo pupa tàbí omi iyọ̀ sí i lẹ́nu: epo lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, iyọ̀ púpọ̀ sì jẹ́ ewu mìíràn. Kí a tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko, kí a sì mú ìyókù oúnjẹ náà dání. Olùkọ́ tí ó bá fi ìperí mẹ́rin wọ̀nyí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tọ́jú ajá wọn, yóò sì kọ́ wọn pé kí wọ́n béèrè 'kí ni ó jẹ?' kí wọ́n tó béèrè 'ta ni ó fún un jẹ?'